Oòrùn Méjì Lẹ́nu Géètì

"Oòrùn méjì ni."

Ọ̀rọ̀ àkọ́kọ́ tó jáde lẹ́nu ẹ̀ṣọ́ ẹnu géètì nìyẹn, nígbà tó lajú lórí bẹ́ẹ̀dì ilé ìwòsàn láàárọ̀ Ọjọ́bọ̀. Ẹsẹ̀ rẹ̀ ọ̀tún wà lókè, wọ́n ti fi símẹ́ńtì funfun dì í gbagidi. Báńdéèjì wé orí rẹ̀ débi pé ojú, imú àti ẹnu nìkan ló ráyè yọjú síta.

"Oòrùn méjì ló jọ yọ sí mi lẹ́ẹ̀kan náà. Mo fọwọ́ bojú. Ìgbà yẹn ni mo gbọ́ gbàà!"

Sájẹ́ǹtì pa ìwé rẹ̀ dé. "Màdáámù, ẹ jẹ́ ká máa lọ. Agogo méje ààbọ̀ alẹ́ lọkọ̀ gbá ọkùnrin yìí. Oòrùn wo ló ń yọ lágogo méje ààbọ̀ alẹ́? Ẹyọ kan tá a ní gan-an ti lọ sùn. Orí rẹ̀ ló ṣì ń pòòyì."

Obìnrin tó ń bá sọ̀rọ̀ jẹ́ ọ̀tẹ̀lẹ̀múyẹ́, ó sì ń yí bẹ́ẹ̀dì náà po lẹ́ẹ̀kẹrin. Àìjókòó ni wọ́n ń pè é ní àgọ́ ọlọ́pàá. Ọdún mọ́kànlá rèé tí wọ́n ti gbé àga fún un nínú ọ́fíìsì rẹ̀, ọ̀rá tí wọ́n fi wé àga náà láti ṣọ́ọ̀bù ò tí ì ya. Tí ọ̀ràn kan bá ṣì rú u lójú, àtẹ́lẹsẹ̀ rẹ̀ ló máa ń yún un, kò sì sí ibi téèyàn ti lè jókòó họ àtẹ́lẹsẹ̀ níwájú ọ̀daràn kó má tẹ́.

Ìyá àgbà kan jókòó nídìí bẹ́ẹ̀dì náà, ó tẹ́ẹ́rẹ́, ó tọ́ gbọnrangandan bíi rúlà. Ìyá Tíṣà ni. Ọmọ rẹ̀ ọkùnrin, Ọ̀gá Atẹ̀wé, ló ni ilé tí ẹ̀ṣọ́ náà ń ṣọ́, òun náà ló sì ni ọkọ̀ tó gbá ẹ̀ṣọ́. Ìyá Tíṣà ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ olùkọ́ láti ọdún mẹ́tàlá, ṣùgbọ́n iṣẹ́ olùkọ́ ò tí ì fẹ̀yìn tì lẹ́nu rẹ̀.

"Màmá, ẹ lọ sinmi," ni Sájẹ́ǹtì wí. "Ọjọ́ mẹ́ta gbáko lẹ ti wà nídìí bẹ́ẹ̀dì yìí."

"Ọjọ́ mélòó?"

"Mẹ́ta, mà."

"Ìrọ̀lẹ́ Ìṣẹ́gun sí òwúrọ̀ Ọjọ́bọ̀. Fi ìka rẹ kà á fún mi."

Sájẹ́ǹtì, bàbá ọmọ mẹ́rin, gbé ìka sókè, ó kà á. "Kò... kò tí ì pé méjì, mà."

"Ó dáa. Má kánjú mọ́." Ó yí padà sí nọ́ọ̀sì tó ń lọ, ó gba káàdì oògùn lọ́wọ́ rẹ̀, ó fi báírò pupa fa ìlà sídìí iye kan. "Ẹ̀ẹ̀mẹrin lójúmọ́ lẹ kọ síbí. Wákàtí mẹ́jọ-mẹ́jọ lẹ kọ sókè. Èwo ni ká gbà gbọ́?"

Nọ́ọ̀sì wo káàdì, ó sáré padà sínú.

Àìjókòó ti dé ọ̀dẹ̀dẹ̀ kí Sájẹ́ǹtì tó rí ẹsẹ̀ gbé. "Tún ọ̀rọ̀ náà rò fún mi," ló wí. "Ká máa rìn, ká máa sọ ọ́."

Sájẹ́ǹtì mí kanlẹ̀. "Jẹ́jẹ́, dírẹ́bà Ọ̀gá Atẹ̀wé, ń gbé ọkọ̀ jáde lálẹ́ Ìṣẹ́gun. Ó dé ẹnu géètì, iná iwájú kú pii! Kò rí ẹ̀ṣọ́, ó gbá a, ó tún lọ forí sọ òpó géètì. Ta ló tú wáyà iná ọkọ̀ náà lọ́sẹ̀ tó kọjá? Oníná. Ta ló ti fọwọ́ síwèé pé ẹ̀bi òun ni? Oníná. Agogo méjì ọ̀sán lónìí, a ó gbé e lọ sílé ẹjọ́, wọ́n á ti ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ pa, wọ́n á ti òun náà mọ́ ibòmíràn. Ó tán."

"Tó bá ti tán, kí ló dé tí àtẹ́lẹsẹ̀ mi ń yún mi?"

"Bóyá bàtà ni, Màdáámù."

"Agogo mélòó ló lù?"

"Mẹ́wàá ku díẹ̀."

Ó bẹ̀rẹ̀ sí í sáré.

Ọkọ̀ náà wà nínú gáréèjì àgọ́ ọlọ́pàá, níbi tí òkùnkùn máa ń wà tọ̀sán-tòru nítorí pé wíńdò kan ṣoṣo tó wà níbẹ̀, àpótí ìwé ẹ̀sùn ọdún mẹ́fà ló dí i. Ọkọ̀ àtijọ́ ni, àwọ̀ eérú. Ojú rẹ̀ òsì ti fọ́ yányán lára òpó géètì. Ojú ọ̀tún là sílẹ̀, ó ń wò wọ́n bí ẹni tó mọ nǹkan kan tí kò fẹ́ sọ.

Àìjókòó ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì, ó tan tọ́ọ̀ṣì sí i. Ó súfèé.

"Wo iṣẹ́ ọwọ́, Sájẹ́ǹtì. Wáyà wọ̀nyí tò bí irun tí ìyàwó ọ̀ṣìngín ṣẹ̀ṣẹ̀ dì. Ṣé ẹni tó ṣe báyìí ló máa ṣe jákujàku?"

"Èmi ò mọ̀ nípa wáyà, mà. Tí mo bá tẹ̀ ẹ́ tó tàn, mo dúpẹ́. Tí ò bá tàn, mo gbá a."

"Tóò, fetí sílẹ̀. Nínú ọkọ̀ àtijọ́, gbogbo agbára tí iná iwájú ń jẹ ló ní láti gba inú súìṣì kékeré ìdí sítíá kọjá kó tó padà wá síwájú. Wáyà tín-ín-rín, ọ̀nà jíjìn. Bíi kéèyàn fi kèrègbè tó ń jò pọnmi láti odò: kó tó délé, ó ti ku ìdajì. Ìyẹn ni iná wọn fi máa ń pọ́n rẹ́súrẹ́sú. Ohun tí Oníná ṣe nìyí: ó fa wáyà tó nípọn tààrà láti ara bátìrì wá sídìí iná, ó wá fi àpótí dúdú kékeré yìí sáàárín. Rílè ni wọ́n ń pè é. Tí rílè bá ń ṣiṣẹ́, súìṣì àtijọ́ ò ru ẹrù kankan mọ́. Súìṣì kékeré kan ló kàn ń pe rílè. Rílè á ṣílẹ̀kùn, agbára á wọlé gìrì."

"Bí èmi àti ẹ̀yin," ni Sájẹ́ǹtì wí. "Ẹ̀yin á pè, èmi á ru."

"Ìwọ ń jókòó. Rílè kì í jókòó." Ó na ìka sídìí bátìrì. "Ojú ọ̀tún ní fíúsì tirẹ̀, ojú òsì ní tirẹ̀. Tí ọ̀kan bá jó, èkejì á ṣì máa ríran. Kí iná méjèèjì tó lè kú pii lẹ́ẹ̀kan náà, àfi kí fíúsì méjì bá ara wọn ṣàdéhùn. Ó dáa, ká ní wọ́n ṣàdéhùn. Níbo ni wọ́n wà?"

Sájẹ́ǹtì bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ wò ó. Ilé fíúsì méjèèjì ṣófo.

"Bóyá wọ́n jó, wọ́n já bọ́."

"Fíúsì tó bá jó máa ń kú sílé ni. Kì í jó tán kó tún wá kó ẹrù jáde. Ẹnì kan ló yọ ìwọ̀nyí."

Ó ti wọ inú ọkọ̀ nígbà tó sọ ìyẹn tán. Ó dọ̀bálẹ̀ sábẹ́ sítíá, ẹsẹ̀ rẹ̀ méjèèjì ń jà níta bí ẹsẹ̀ ẹja tí omi ti gbẹ mọ́, tí ẹja bá lẹ́sẹ̀. Ó ń fi ìka tọ wáyà pupa tín-ín-rín kan láti ara rílè, tó gba inú ihò kan wọlé, tó sì sá pamọ́ sẹ́yìn rọ́bà. Ìka rẹ̀ kan nǹkan kan. Ó tẹ̀ ẹ́. Ká! Ó dákẹ́. Ó tún tẹ̀ ẹ́. Ká!

"Kí lẹ rí níbẹ̀, mà?"

"Ìdọ̀tí," ni Àìjókòó wí, ó jáde, ó ń rẹ́rìn-ín músẹ́. Ọkọ̀ ọ̀hún ti lo ọdún méjìlélógún. Kì í kúkú ṣe irọ́ pátápátá.

Lẹ́yìn náà ló fi ẹ̀mú fa ohun tó kù nínú gílóòbù ojú òsì tó fọ́ jáde, ó gbé e sábẹ́ tọ́ọ̀ṣì. Òwú irin tín-ín-rín tó máa ń tan ìmọ́lẹ̀ inú gílóòbù ṣì wà níbẹ̀, ṣùgbọ́n eérú funfun kan bò ó, bíi pé ẹnì kan bu pọ́dà sí i.

"Ọkọ̀ ta ló wà níta yẹn?"

"Tèmi ni, Màdáámù. Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ fọ̀ ọ́ ni."

"O ṣeun."

Kí Sájẹ́ǹtì tó bi Àìjókòó pé kí ló ń dúpẹ́ fún, ó ti yọ gílóòbù méjèèjì tó wà níwájú ọkọ̀ rẹ̀. Àìjókòó fi àkísà wé ọ̀kan, ó fi òòlù fọ́ ọ: pẹ́ẹ́! Ó so ìkejì mọ́ bátìrì, ó tàn wòò, ó fi àkísà bò ó, ó gbá a: pẹ́ẹ́! Sájẹ́ǹtì gbé ọwọ́ lérí bí ẹni tí wọ́n ń sin òkú rẹ̀.

"Wò ó. Èyí tí mo fọ́ nígbà tó ti kú, òwú inú rẹ̀ mọ́ roro bí abẹ́rẹ́ tuntun. Èyí tí mo fọ́ níbi tó ti ń jó lọ́wọ́, ó gbóná jù, afẹ́fẹ́ kàn án, eérú funfun bò ó. Wá wo ti ọkọ̀ Ọ̀gá Atẹ̀wé."

Sájẹ́ǹtì wò ó. Ó wo gílóòbù rẹ̀. Ó tún wò ó. "Eérú wà lára ẹ̀."

"Iná ò kú. Ìgbà tí ọkọ̀ yẹn gbá ẹ̀ṣọ́, tó lọ forí sọ òpó, iná ń jó lala. Orí ẹ̀ṣọ́ ò pòòyì rárá. Ó sọ ohun tó rí: oòrùn méjì, ọ̀tún àti òsì."

"Ṣé ẹ ò lè ṣàlàyé ẹ̀ lẹ́nu lásán ni, mà?"

"O máa gbà?"

Sájẹ́ǹtì ronú. "Rárá."

"Ó dáa. Ibo ni Oníná wà?"

Oníná wà nínú àtìmọ́lé, ẹni àádọ́ta ọdún, kúkúrú, àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ dúdú bí ìdí ìkòkò. Kò jókòó. Àìjókòó fẹ́ràn rẹ̀ lójú ẹsẹ̀.

Lórí tábìlì níta, wọ́n to àwọn ohun tí wọ́n bá nínú àpò rẹ̀: ẹ̀mú, téèpù dúdú, àti ojú ewé ìwé kan tí wọ́n ká sí mẹ́rin. Lẹ́tà ńláńlá ló wà nínú ìwé náà, wọ́n wọ́ bí akàn, a, b, d, e, a, b, d, e. Nísàlẹ̀, ọwọ́ mìíràn ti fi pupa kọ ọ́ pé: *Ó dára. Má kánjú.* Àìjókòó wò ó pẹ́, ó ká a padà, ó fi í sápò ara rẹ̀.

"Ẹ ń lẹ́ o, Oníná. Ìwé tí ẹ fọwọ́ sí rèé. Ẹ ka ìlà kẹta fún mi."

Ọkùnrin náà gba ìwé láàárín irin. Ó wò ó. Ó gbé e sún mọ́jú, ó gbé e jìnnà. "Mo gbàgbé awò ojú mi sílé."

"Ẹ̀yin tí ẹ so wáyà tó tín-ín-rín ju irun imú Sájẹ́ǹtì lọ? Awò wo?"

Sájẹ́ǹtì fọwọ́ bo imú.

Oníná dorí kodò. Lẹ́yìn ìgbà díẹ̀ ó ní, "Wọ́n ní ìwé pé èmi ni mo ṣe iná náà ni. Èmi sì ni mo ṣe é. Iṣẹ́ mi ni, kò tì mí lójú. Mo fọwọ́ sí i."

"Ohun tó wà níbẹ̀ ni: 'Mo jẹ́wọ́ pé iṣẹ́ tí mo ṣe kò dára, òun ló sì fa ìjàǹbá yìí.'"

Oníná di irin àtìmọ́lé mú gírígírí. "N ò sọ bẹ́ẹ̀! Sájẹ́ǹtì, mo sọ bẹ́ẹ̀?"

"Mo kàn ké e kúrú ni," ni Sájẹ́ǹtì wí, ó ń wo òrùlé.

"O ké ọkùnrin yìí kúrú," ni Àìjókòó wí. Ó ń lọ, ó ń bọ̀ níwájú irin. "Oníná, iná yẹn ò kú. Mo ti mọ̀. Ohun tí mi ò mọ̀ ni ẹni tó gbé iṣẹ́ náà fún yín. Ṣé Ọ̀gá Atẹ̀wé ni?"

"N ò lè sọ, mà."

"Jẹ́jẹ́ ńkọ́?"

"N ò lè sọ."

"Agogo méjì ni wọ́n ń gbé yín lọ. Ṣé ẹ gbọ́ mi? Ẹni tó bá dákẹ́, tara rẹ̀ a bá a dákẹ́. Ṣé ẹ fẹ́ kú síbi tí wọn ò pè yín sí?"

Oníná mi orí. "Màdáámù, ẹni tó ń la èèyàn lójú, a kì í fi ojú náà wá a kiri fún ọlọ́pàá. Mo ṣèlérí. Ó ní òun ò fẹ́ kí ará ilé òun mọ̀. N ò ní sọ."

Àìjókòó dúró sójú kan. Ìṣẹ́jú àáyá mẹ́ta gbáko. Sájẹ́ǹtì bẹ̀rù pé nǹkan ti ṣe é.

"Sájẹ́ǹtì, lọ mú Jẹ́jẹ́ wá."

Ojú méjèèjì ni wọ́n fi ń wo aago nígbà tí Jẹ́jẹ́ wọlé. Agogo méjìlá ti kọjá. Dírẹ́bà náà sanra, ó rọra ń rìn, ó rọra ń sọ̀rọ̀. Wọ́n ní ìgbín kan ṣáájú rẹ̀ dé ìkóríta nígbà kan, wọ́n sì ní ìgbín náà ò kánjú.

"Jẹ́jẹ́, ọdún mélòó lo ti ń wa ọkọ̀ yẹn?"

"Ọdún méjìdínlógún, mà."

"Iná rẹ̀ àtijọ́ yọ ẹ́ lẹ́nu rí?"

"Rárá o. Kí ni màá fi iná ṣe? Agogo mẹ́fà ni mò ń ṣíwọ́ lójoojúmọ́. Agogo mẹ́fà ààbọ̀, mo ti wà nílé mi, mo ti bọ́ bàtà."

"Lójoojúmọ́?"

"Lójoojúmọ́ tí Ọlọ́run dá, mà."

"Ìjàǹbá alẹ́ Ìṣẹ́gun, agogo méje ààbọ̀ ni."

Jẹ́jẹ́ ya ẹnu. Ó pa á dé. Òógùn yọ lójú rẹ̀ bíi pé ẹnì kan ṣí ẹ̀rọ omi. Ó kó ọwọ́ sápò, ó fa áńkáṣíìfù yọ kó fi nu ojú, nǹkan méjì sì já bọ́ sórí símẹ́ńtì: tìn, tìn. Fíúsì méjì. Wọ́n yí gbirigbiri títí dé ẹsẹ̀ Sájẹ́ǹtì.

Àìjókòó ṣà wọ́n, ó gbé wọn sókè sí ìmọ́lẹ̀ wíńdò. "Wọn ò jó. Ara wọn le koko. Jẹ́jẹ́, ẹni tó bá fẹ́ purọ́ pé fíúsì jó, kì í tọ́jú rẹ̀ sápò."

"Wọ́n ṣì dáa, mà," ni Jẹ́jẹ́ wí. "Ohun tó ṣì dáa, mi ò lè sọ ọ́ nù."

"Ìwọ lo yọ wọ́n."

"Èmi ni." Ó kúnlẹ̀. "Èmi ni mo yọ wọ́n, èmi ni mo purọ́, èmi náà ni mo gbá a. Mo... mo sùn lọ nídìí sítíá. Ẹ tú Oníná sílẹ̀, ẹ mú mi."

Sájẹ́ǹtì ti fa ṣẹ́kẹ́ṣẹkẹ̀ yọ, inú rẹ̀ dùn. "Ó tán! Dírẹ́bà ló wà á, dírẹ́bà ló sùn. Màdáámù, ẹ ṣeun, iṣẹ́ yín pọ̀."

"Rọra. Ẹni tó kọ́kọ́ sọ pé iná kú, tó tún wá ní òun sùn, ó ṣì ní ẹ̀kẹta lápò." Ó ti ń họ àtẹ́lẹsẹ̀ kan lára èkejì. "Pe Ọ̀gá Atẹ̀wé. Sọ fún un pé kó wá fọwọ́ síwèé gba ọkọ̀ rẹ̀. Sọ fún un pé ìwé náà gùn."

"Kí ló dé tó fi gbọ́dọ̀ gùn?"

"Tó bá gùn, ìyá rẹ̀ á tẹ̀ lé e wá kà á."

Ìyá Tíṣà sì wá. Agogo méjì ku ogún ìṣẹ́jú, ó wọ gáréèjì tòun ti àpò ìwé rẹ̀, ọmọ rẹ̀ ń tẹ̀ lé e lẹ́yìn. Ọ̀gá Atẹ̀wé ga, ó tóbi, ṣùgbọ́n lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìyá yìí, ṣe ló dà bí ọmọ tó fẹ́ gbàyè lọ tọ̀. Níta, ọkọ̀ tó ń kó wọn lọ sílé ẹjọ́ ti dé, ó ń kùn.

Àìjókòó ti dá fíúsì méjèèjì padà sílé wọn.

"Kí ẹ tó gba ọkọ̀ yín, Ọ̀gá, mo fẹ́ rí iná tuntun yìí. Ẹ̀ṣọ́ ní ó dà bí oòrùn. Jẹ́jẹ́, wọlé, tàn án fún wa."

Jẹ́jẹ́ rọra wọlé, ó rọra tẹ súìṣì. Ojú ọ̀tún tó kù tàn sára ògiri: pupa rẹ́súrẹ́sú, bí àbẹ́là tó ń ṣàìsàn.

"Ṣé iná ọ̀hún nìyí?"

"Òun ni, mà. Ó mọ́lẹ̀ gan-an."

Ìyá Tíṣà wúkọ́ díẹ̀.

"Ọ̀gá, ẹ̀yin náà ẹ tàn án."

Ọ̀gá Atẹ̀wé wọlé, ó tẹ̀ ẹ́, ó pa á, ó tún tẹ̀ ẹ́. Àbẹ́là ṣì ń ṣàìsàn. "Bó ṣe máa ń rí nìyẹn," ló wí. "Èmi ò tiẹ̀ mọ̀ pé ẹnikẹ́ni tún un ṣe, àfìgbà tí ọlọ́pàá sọ."

Ìyá Tíṣà ń ti ẹsẹ̀ kan bọ ìkejì. Ó di àpò mú, ó tú u sílẹ̀.

"Sájẹ́ǹtì," ni Àìjókòó wí, "kọ ọ́ sílẹ̀ pé bí iná tuntun náà ṣe rí nìyí. Kọ ọ́ pé Oníná ò tún nǹkan kan ṣe, pé kò mọ iṣẹ́, pé ó kàn—"

"Rárá!"

Báírò bọ́ lọ́wọ́ Sájẹ́ǹtì.

"Àṣìṣe ni!" ni Ìyá Tíṣà wí. "Gbogbo yín lẹ ṣì í! Iná àtijọ́ lẹ tàn yẹn. Ẹ tẹ bọ́tìnnì tó wà lábẹ́ ibẹ̀, lẹ́gbẹ̀ẹ́ orúnkún ọ̀tún, lẹ́yìn rọ́bà! Ẹ sún, ẹ jẹ́ kí n fi hàn yín."

Ó ti dé inú ọkọ̀. Ó na ọwọ́ láì wò. Ká! Ìmọ́lẹ̀ funfun bẹ́ jáde, ó gbá ògiri, gbogbo gáréèjì yọ sójú, àpótí ẹ̀sùn ọdún mẹ́fà, aláǹtakùn tó ń gbé ibẹ̀, àti ojú Jẹ́jẹ́ tó ti di eérú. Sájẹ́ǹtì fọwọ́ bojú, bí ẹ̀ṣọ́ ṣe fọwọ́ bojú gẹ́lẹ́.

"Báyìí," ni Ìyá Tíṣà wí. Ó sì gbọ́ ohun tí òun ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ.

Ìgbà náà ló rọra pa iná. Ó fi ọwọ́ méjèèjì lé orí sítíá bí ẹni tó mọ ibi tí wọ́n ń gbé wọn sí.

"Màámi," ni Ọ̀gá Atẹ̀wé wí, "ẹ mọ ọkọ̀ wà?"

"Ìyẹn kọ́ ni ìbéèrè tó wà nílẹ̀." Ó kọjú sí Àìjókòó. "Ìwọ bi mí."

Àìjókòó dúró lẹ́nu ilẹ̀kùn ọkọ̀. "Mo ń wá ẹni tó nílò iná tó mọ́lẹ̀, mà. Ọ̀gá ò mọ̀ pé wọ́n tún un ṣe. Jẹ́jẹ́ ti bọ́ bàtà lágogo mẹ́fà ààbọ̀. Ta ló ń wakọ̀ lálẹ́? Mo wá rí ìwé yìí lápò Oníná." Ó tú ojú ewé náà, báírò pupa sì hàn. "Láàárọ̀ yìí, mo rí báírò kan náà lórí káàdì nọ́ọ̀sì."

Ìyá Tíṣà wo ìwé náà. "Ẹni mọ́kànlá ni wọ́n," ló wí. "Àgbàlagbà gbogbo wọn. Ṣọ́ọ̀bù gbẹ́nàgbẹ́nà ni mo ti ń kọ́ wọn ní ìwé, ìrọ̀lẹ́ Ìṣẹ́gun sí Ìṣẹ́gun, lẹ́yìn tí wọ́n bá ṣíwọ́. Ọmọ mi ní mo ti dàgbà jù láti máa jáde lálẹ́. Mo gbọ́. Mo ní kí Jẹ́jẹ́ kọ́ mi ní ọkọ̀ láràárọ̀ ọjọ́ Àìkú. Ṣùgbọ́n tí ilẹ̀ bá ti ń ṣú, iná pupa yẹn ò ran ojú mi lọ́wọ́. Oníná ní òun á tún un ṣe kí n lè rí ọ̀nà. Ó kìlọ̀ fún mi pé n ò gbọ́dọ̀ tẹ bọ́tìnnì yìí àfi tí mo bá ti kúrò lẹ́nu géètì, nítorí ó máa fọ́ èèyàn lójú. Mo ti pẹ́ lálẹ́ ọjọ́ náà. Mo tẹ̀ ẹ́ nínú ọgbà. Ẹ̀ṣọ́ fọwọ́ bojú, kò lè kúrò lọ́nà. Mo fẹ́ tẹ bíréèkì." Ó dákẹ́. "Ẹsẹ̀ mi ṣì í."

"Màmá," ni Jẹ́jẹ́ wí, omi ń dà lójú rẹ̀, "mo ní kí ẹ má sọ ọ́."

"Mo pè ọ́ nílé, o wá, o tì mí wọlé, o ní o máa bójú tó o. O ní wọ́n bi Oníná ní ọ̀rọ̀ lásán, ó sì ti lọ sílé rẹ̀."

Àìjókòó na ìka sí ògiri. "Ẹ̀yìn ibí ló wà, mà. Láti alẹ́ Ìṣẹ́gun. Ọkọ̀ tó ń kùn níta yẹn, òun ló wá gbé. Wọ́n bi í pé ta ló gbéṣẹ́ fún un, kò dárúkọ yín."

Ìyá Tíṣà sọ̀kalẹ̀ nínú ọkọ̀. Ó rìn lọ bá Jẹ́jẹ́. Gbogbo wọn rò pé etí ló máa fà.

"Jẹ́jẹ́, mo kọ́ ọ ní a, b, d nígbà tó o wà ní ọmọ ọdún méje. Ṣé mo kọ́ ọ nírọ́?"

"Rárá, mà."

"Àgbàlagbà mọ́kànlá ló ń sọ fún mi lọ́sẹ̀ọ̀sẹ̀ pé ojú ń ti àwọn láti sọ pé àwọn ò mọ̀. Èmi náà wá jókòó nídìí bẹ́ẹ̀dì ẹni tí mo fọ́ lẹ́sẹ̀, ojú ń tì mí láti sọ fún un pé èmi ni." Ó nu ojú rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan, gírí. "Ẹ mú Oníná wá. Lẹ́yìn náà, ẹ gbé ìwé tèmi wá. Màá kà á kí n tó fọwọ́ sí i."

Wọ́n mú Oníná jáde. Nígbà tó rí Ìyá Tíṣà, ó fẹ́ dọ̀bálẹ̀, ó fẹ́ sá padà sínú àtìmọ́lé, kò mọ èyí tí yóò kọ́kọ́ ṣe. "Mà, n ò sọ o! Ọlọ́run jẹ́rìí mi, n ò sọ!"

"Mo mọ̀. Èmi ni mo sọ. Dúró dáadáa."

Lórí tábìlì, ìwé àkọ́kọ́ tí Sájẹ́ǹtì kọ ṣì wà nílẹ̀. Ìyá Tíṣà kà á látòkè délẹ̀. Ó yọ báírò pupa, ó fa ìlà síbi mẹ́ta, ó kọ òǹkà sígun rẹ̀, ó tì í sí Sájẹ́ǹtì.

"Méjì nínú mẹ́wàá?" ni Sájẹ́ǹtì wí.

"Déètì tọ̀nà. Orúkọ rẹ tọ̀nà."

Níta, ọkọ̀ ilé ẹjọ́ fọn fèrè. Aago ògiri lu méjì. Sájẹ́ǹtì sáré kọ ìwé ìtúsílẹ̀, ó fọwọ́ sí i, ó nà án sí Oníná. "Fọwọ́ síbí, o ti dòmìnira. Kíá! Àbí kí n kà á fún ọ?"

"Rárá," ni Oníná wí. Ó gba ìwé náà. "Èyí tẹ́ ẹ kà fún mi lẹ́ẹ̀kan yẹn ti tó mi. Màá kà á."

Ó gbé e sójú. Òógùn bo iwájú orí rẹ̀. "A... ti... dá..." Ọkọ̀ tún fọn fèrè. Sájẹ́ǹtì ń jan ẹsẹ̀ mọ́lẹ̀. Dírẹ́bà ọkọ̀ náà yọrí sí ẹnu ọ̀nà, ó ní ta ni kí òun gbé, ta ni kí òun má gbé. Ọ̀gá Atẹ̀wé ń wo aago, ó ń wo ìyá rẹ̀. Gbogbo ilé ń yún gbogbo èèyàn.

"Má kánjú," ni Ìyá Tíṣà wí.

"A ti dá... o-ní-... Oníná..." Ó gbójú sókè. "Orúkọ mi rèé!"

"Tẹ̀síwájú."

Àìjókòó wo àtẹ́lẹsẹ̀ rẹ̀. Ó dúró, ó ń retí kó tún yún. Kò yún mọ́. Ó wọ ọ́fíìsì rẹ̀ lọ, ó fa àga ọdún mọ́kànlá yẹn jáde, ó gbé e kalẹ̀ níwájú tábìlì, ó sì jókòó láti gbọ́ ìyókù. Ọ̀rá ìdí rẹ̀ dún: fàà!

"...sí... lẹ̀," ni Oníná wí.